Ẹ Sọ Pé Ẹ Lálàá

Hazel Crest, Chicago
Oṣù Kìíní, 1985

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ bá mi kí Bàbá àti Àǹtí Ràhámọ̀tù. Ara àwọn ọmọ le. Ikọ́ mi ti lọ.

Màámi, ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá Jìbírílù, ọmọ yín, há sínú yìnyín nítòsí ilé nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ti gbogbo gíláàsì mọ́tò bíi pé òjò ni, ó tan mọ́tò àti hítà tó ń mú inú rẹ̀ gbóná, ó ń dúró kí yìnyín dá. Yìnyín ti dí ihò ìdí mọ́tò tí èéfín ń gbà jáde. Èéfín wọlé bá a, oorun ń gbé e lọ. Loretta aládùúgbò wa ló fọ́ gíláàsì tó wọ́ ọ jáde.

Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i pé kó máa kó yìnyín kúrò lẹ́nu ihò yẹn kó tó tan mọ́tò. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ má dárúkọ mi o. Ẹ sọ pé ẹ lálàá. Àlá yín nìkan ló ń bẹ̀rù.

Sàdíátù, ìyàwó yín