Okùn Tó Wà Ní Ìbàdí Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹjọ, 1974

Mo dé Òmù-Àrán lọ́sàn-án. Mọ́tò iléeṣẹ́ ló gbé mi wá láti ọsibítù ní Warri. Ìyá mi fọwọ́ pa mí lórí, ó pa mí léjìká, ó tẹ apá mi wò bí ẹni tó ń ra iṣu. Kò sunkún. Èmi náà ò sunkún. Wọ́n gbé iyán wá, mo jẹ ẹ́. Mi ò mọ adùn rẹ̀.

Dókítà ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀ kí orí mi lè padà sípò. Ẹ̀gbọ́n mi Sámúẹ́lì, ọ̀gá ilé-ìwé, ló fún mi ní ìwé yìí. (Bẹ́ẹ̀lì, agogo ilé-ìwé, ni mo ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sí ohun tí kò ní àkókò lọ́dọ̀ rẹ̀.) Ó dáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: èmi àti Ambrose ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òkun, nídìí ilé irin tí wọ́n ti ń fa epo. Ìṣàn omi gbé wa lọ. Wọ́n rí mi. Wọn ò rí Ambrose.

Ọjọ́ Àìkú, 4

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀lì ti bá wọn dá ọjọ́ ìdúpẹ́ mi — Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù. Ó ní gbogbo ilé ló máa jó wọlé. Mo ní ó dáa. Awọ ẹ̀yìn mi ń bó.

Ọjọ́ Ajé, 5

Òjò. Mo sùn.

Ọjọ́rú, 7

Ìyá mi ní kí n sọ ọ́ fún òun. Ẹnu mi ò gbé e. Mo kọ ọ́ síbí.

Òsì ni mo ń pe Ambrose láti kíláàsì kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, torí ọwọ́ òsì ló ń lò sí ohun gbogbo. Ọmọ Omupo ni. Akọpẹ ni bàbá rẹ̀, Bàbá Barnabas. Odò ẹ̀yìn ilé wọn ni a ti kọ́ lúwẹ̀ẹ́ nígbà ọlidé. Ọ̀pẹ wọn ni a fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta igbà, okùn tí akọpẹ fi ń yí ara rẹ̀ mọ́ igi. Òsì ló kọ́kọ́ ríṣẹ́ abẹ́ omi. Òun ló fà mí wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí a yọ orí lókè omi, ọkọ̀ wa ti kéré bí ife. A fun fèrè. Wọn ò gbọ́. Mo fẹ́ wẹ̀ padà sọ́dọ̀ wọn. Òsì gbá mi létí — nínú òkun! — ó ní ẹni tó bá ń bá ìṣàn omi jìjàkadì, agbára ara rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Ó ní iṣẹ́ wa báyìí kò ju kí a má rì, kí a má pínyà, kí wọ́n sì lè rí wa. Orí méjì rọrùn-ún rí ju ẹyọ kan lọ. A fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀wù wa kó lè gbé wa. Ó yọ okùn, ó so ìbàdí mi mọ́ ìbàdí rẹ̀, ó sì ta á ní kókó igbà bàbá rẹ̀. Kókó yẹn kì í tú fúnra rẹ̀. Àfi kí ọwọ́ tú u.

Lẹ́yìn náà ó fẹ́ Ọsàn. Àpò afẹ́fẹ́ gígùn ni, ó pọ́n bí ọsàn, òun là ń nà sókè kí ọkọ̀ òfurufú lè rí wa. Ọwọ́ Òsì ló wà. Ó ń bú u pé ó sanra jù fún ẹni tí kì í jẹun.

Ọkọ̀ kan kọjá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Kò rí wa. Òsì ní bóyá awakọ̀ wọn ò fẹ́ràn ọsàn ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Ibi tí mi ò mọ̀ nìyí.

Òùngbẹ. Iyọ̀ ti di ojú mi. Ní òru kejì mo rí ìyá mi tó ń ta ẹ̀kọ lórí omi, mo sì bá a nájà. Nígbà tí hẹlikópítà dé, oòrùn ti mú. Okùn wà ní ìbàdí mi. Òsì ò sí ní ìkángun rẹ̀ kejì. Ọsàn ló wà níbẹ̀, wọ́n so ó dáadáa.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ bi mí ní ọsibítù: ta ló tú okùn? Kò já, kò sí ojú ọ̀bẹ lára rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ó tún bi mí. Mi ò mọ̀.

Bí mo bá tú ènìyàn dànù kí Ọsàn lè jẹ́ tèmi nìkan, ṣé màá mọ̀? Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Ìyá mi ní, ẹni méjì jáde, ẹnì kan wọlé, ẹni tó wọlé ò gbọdọ̀ jókòó kí wọ́n tó wá béèrè ẹnì kejì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n lọ sí Omupo. Mo ní màá lọ. Mi ò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Mi ò lè bu omi sójú. Aṣọ tútù ni mo fi ń nu ún, bí aboyún tó ti rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 15

Mo pàdé Helen, àbúrò Òsì, lẹ́bàá ọjà. Ó kọjá lára mi. Lẹ́yìn náà ó padà, ó kúnlẹ̀. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ní kí ẹ wá. Wọ́n ní kí ẹ mú okùn náà dání.

Iléeṣẹ́ ti sọ fún wọn nípa okùn, nígbà náà. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi lọ. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ó pẹ́ díẹ̀ tí nǹkan ti ṣe mí kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Mi ò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Mo mú okùn ìsáṣọ ìyá mi, mo ta kókó igbà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbàgbé. Ó ta á, ó tú u, ó tún un ta, mi ò tiẹ̀ wò ó.

Èmi náà lè ṣe é, nígbà náà. Mo lè tú Òsì, kí n sì so Ọsàn. Mi ò jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Bẹ́ẹ̀lì wọlé wá bá mi, ó ti ìlẹ̀kùn. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn ní Omupo pé ìgbì ló já okùn, kí ọ̀rọ̀ tán, kí a ṣe ìdúpẹ́ wa. Ó ti mú ìṣáná dání, ó fẹ́ bá mi sun okùn náà. Kò burú lọ́kàn, ó fẹ́ràn mi ni. Ìyá mi ti gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó gba ìṣáná náà, ó sì lọ fi dáná ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Mo lọ.

Mo wọ ọkọ̀ gba Àjàṣẹ́. Okùn àti Ọsàn wà nínú àpò lórí itan mi, obìnrin tó jókòó tì mí rò pé ẹran ni. Bàbá Barnabas wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò tètè ní kí n dìde. Ó ní ṣé mo ti jẹun.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Etí gbígbá, ọkọ̀ tó kọjá, ìyá mi pẹ̀lú ẹ̀kọ lórí omi. Mo ní, Bàbá, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo tú u. Ó ní kí n gbé okùn náà wá.

Kò wò ó, ọwọ́ ló fi ń wá a kiri. Ó bá kókó tó wà lára Ọsàn, ó dúró síbẹ̀, ó pẹ́. Ó wá nawọ́ sí okùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ní kí n ta kókó igbà mọ́ òpó náà. Mo ta á. Ó fọwọ́ kan tèmi. Ó padà sí ti Ọsàn. Ó tún padà sí tèmi. Ó wá di ọwọ́ èmi náà mú, ó gbé e lé méjèèjì.

Tèmi yí sí ọ̀tún. Ti Ọsàn yí sí òsì.

Ó ní òun na ọmọ yẹn títí nítorí ọwọ́ òsì. Kò sí akọpẹ kan tó ń ta igbà báyẹn. Ọmọ náà á sunkún, á nu ojú, á tún un ta sí òsì. Ìgbà tó yá, òun fi sílẹ̀. Ó ní, “Ọwọ́ ọmọ mi nìyí.”

Mo ní ẹ̀wù Ambrose ti ń jò láti ọjọ́ kìíní. Mo gbọ́ ọ tó ń dún ṣìì, ó ní ariwo lásán ni. Bó bá rì, okùn náà á fà mí tẹ̀lé e. Bàbá mi orí. Ó bi mí bóyá mo ń sùn nígbà tí ọmọ òun tú ara rẹ̀, tó so Ọsàn dípò. Mo ní ó ní láti jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà.

Ó ní, “Kò fẹ́ jí ọ ni.”

Mo wá ẹkún, mi ò rí i. Helen sun iṣu, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo. Bàbá ní kí n fi Ọsàn sílẹ̀ fún òun, kí n má ṣe tú kókó náà.

Ọjọ́rú, 21

Èmi kọ́. Ó yẹ kí ara mi fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 25

Ìdúpẹ́. Bẹ́ẹ̀lì ti wọ agbádá láti ìdájí, ó ń wo aago. Mo wọ aṣọ tèmi, mo bá wọn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi ò wọlé. Ìyá mi wo ojú mi. Ó ní, “Máa lọ. Màá bá ọ dúpẹ́.” Ó já owó ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́.

Bàbá Barnabas ti gbé igbà kan jáde nígbà tí mo dé Omupo. Ti Òsì ni, ìgbà tó wà ní kékeré. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò gba ọ̀pẹ mọ́, kí n bá òun so Ọsàn sórí èyí tó dojú kọ títì. Mo ní, Bàbá, ṣebí a ti mọ̀ báyìí pé ó ti lọ. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé wọn ò tíì gbé òkú kankan wá fún òun. Ó ní ṣebí èmi ni mo sọ fún òun pé Òsì ní iṣẹ́ ẹni tó sọ nù ni kí wọ́n lè rí i. Iṣẹ́ tiwa ni kí ọmọ náà lè rí ilé.

Mo fẹ́ Ọsàn. Ní ọsibítù ni wọ́n ti tú èémí Òsì jáde nínú rẹ̀.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló yí igbà mọ́ mi, ó ta á. Mo gun ọ̀pẹ. Mo fi okùn yí imọ̀ méjì, mo ta kókó tèmi sí ọ̀tún. Mi ò fọwọ́ kan ti Òsì. Mo rí títì tó lọ sí Àjàṣẹ́, mo rí páànù ilé wọn, mo rí odò tí a ti kọ́ lúwẹ̀ẹ́. Afẹ́fẹ́ gbé Ọsàn nà tààrà.

Ẹkún dé. Mo sun ún títí igbà fi ń gbọ̀n mọ́ mi lẹ́yìn. Bàbá Barnabas dúró nísàlẹ̀, kò pè mí pé kí n máa bọ̀.