Ẹ̀ẹ̀kẹta Lẹ́yìn Kọ́tìnì

                                                  Quartier Sokoura,
                                                  Bouaké,
                                                  Côte d'Ivoire.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2024.

Sheriffdeen, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu níjelòó, ṣé ó ti lọ? Ó dà bí ẹni pé ó ti lọ, torí ohùn rẹ kò jọ ti ẹni tó ń wúkọ́ nígbà tí o ń bú mi lórí fóònù lánàá. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ara Bàbá le koko. Ara tèmi náà le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Mo mọ̀ pé o dúró dè mí ní ìdíkọ̀ Adjamé ní Àbíjàn lánàá títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. O pè mí lẹ́ẹ̀meje, n kò gbé e. Nígbà tí mo wá gbé e, èébú rẹ kò jẹ́ kí n ráyè sọ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Nínú lẹ́tà, o ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó tún pè mí.

O mọ Bàbá Àwáàlù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà. O mọ̀ pé nígbà ogun, nígbà tí àwọn òbí mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀nà sì dí, òun ló mú mi lọ́wọ́, tí a fẹsẹ̀ rìn láti Bouaké títí dé Béoumi, tó sì gbé àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ rù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Kò gbé aṣọ, kò gbé ìkòkò. Èmi àti rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ló kó kúrò nílé. Ohun tí o kò mọ̀, torí o ti lọ sí Àbíjàn kí ó tó ṣẹlẹ̀, ni bí ojú rẹ̀ ṣe fọ́ pátápátá ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àti ohun tí ìyẹn sọ èmi dà.

Bí a bá ti kírun Àsárì tán báyìí, dandan ni kí n ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe pa, kí n wá jókòó ti giramafóònù. Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n, kò lè gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo. Rachida ọmọ rẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́rẹ́ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ha àwo sákárà tí Bàbá rà lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ní ẹni tí òun àti ẹ̀ jọ rin ọ̀nà Béoumi nìkan ni yóò máa fọwọ́ kan àpótí yẹn. Bẹ́ẹ̀, ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bó bá ti parí, kí n dìde kí n yí i padà. N kò lè lọ síbi tó ju ogún ìṣẹ́jú lọ. N kò lè rẹjú. Láti Àsárì sí Màgáríbì, ojú mẹ́fà là ń gbọ́ lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, oníbàárà ìbáà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, Ṣéríì, ojú rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo fi ń ka ọjọ́ ayé mi.

Nígbà tí o wá sọ pé ọ̀gá rẹ tó ń yá àwọn èèyàn ní sípíkà ńlá ńlá ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ohùn, mo dọ́gbọ́n. Mo ní kí wọ́n bá mi ra sídíì láti Ìbàdàn. Olórin tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá náà ni, orin kan náà ló wà nínú ẹ̀. Sídíì máa ń lé ní wákàtí kan kí ó tó parí, bó bá sì parí, Rachida kàn máa tẹ bọ́tìnnì ni, ó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí eruku, kò sí yíyí padà. Mo ti ń wá báàgì tí màá kó aṣọ sí.

Bàbá gbọ́ orin kan àbọ̀. Ó ní, "Pa á."

Mo ní kí ló ṣe é? Ó ní, "Gòjé yẹn. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, mo mọ ibi tó jókòó sí. Ẹ̀yìn olórin ló wà, bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nínú èyí tí o gbé wá yìí, gbogbo wọn tò síwájú mi bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀."

Mo bá a jiyàn. Àbí iṣẹ́ mi kọ́? Mo ní ariwo eruku ló ti mọ́ ọn lára tó ń pè ní ohùn. Mo ní sídíì mọ́ tónítóní, pé gòjé ń dún ketekete nínú ẹ̀, pé èèyàn tilẹ̀ ń gbọ́ bí olórin ṣe ń mí kó tó lanu. Ó ní òun gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun kò ní kí ẹnikẹ́ni wá máa mí sí òun létí. Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ojú mi ti lọ, Misba. Etí ló kù tí mo fi ń rìn láyé. Tó bá jẹ́ pé eruku ni mò ń gbọ́, mo fẹ́ mọ̀. Wá dán mi wò."

O mọ ilé wa, a kì í dá nǹkan kan ṣe láìsí àgbà níjòókòó. Bàbá Oyèkàn, olórí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ló wá ṣe ẹlẹ́rìí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Iwájú rẹ̀ la ti ṣe àdéhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá lu orin kan náà lẹ́yìn kọ́tìnì, kí Bàbá sọ bóyá sídíì ni tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí Bàbá bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ Àbíjàn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láyé. Bó bá ṣi ẹyọ kan péré, sídíì dọ́gba pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù nìyẹn, kí n máa lọ pẹ̀lú àdúrà rẹ̀.

Mo ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Ọjọ́ Alámìísì ni mo ti fi omi ọṣẹ fọ àwo náà, mo fi aṣọ tó rọ̀ nù ún, kí eruku má baà fọhùn. Áńpù kan náà, sípíkà kan náà. Mo fi fóònù wọn ìró wọn kí ọ̀kan má ròkè ju èkejì, torí èyí tó bá ròkè ni etí máa ń sọ pé ó dára jù. Mo ń gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí n tó ṣí ohùn sókè, kí ó má baà gbọ́ bó ṣe balẹ̀. Títí dé ẹ̀ẹ̀kejì, n kò rẹ́ ẹ jẹ, mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn.

Mo kọ́kọ́ fi sídíì sí i. Olórin kò tíì lanu tí Bàbá fi sọ pé sídíì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún fi sídíì kan náà sí i. Ó ní, "O tún gbé e padà wá. O fẹ́ tàn mí." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Oyèkàn ní òun kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan o. Rachida ní "sé paréì", pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Kí n sòótọ́ fún ọ, èmi tí mo ń fi ohùn jẹun, n kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i. Mo yọjú wò ó láti etí kọ́tìnì. Ó ń fi ìka lu orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Rẹ́kọ́ọ̀dù nìyẹn. Ẹ gbọ́ gòjé lẹ́nu ọ̀nà."

Mo wo àwo náà bó ṣe ń yí. Èmi nìkan ni mo ń rí i. Mo rò ó pé bí mo bá sọ òótọ́, ibẹ̀ náà ni màá wà tí irun mi yóò fi funfun. Mo ní, "Sídíì ni, Bàbá."

Kò sẹ́ni tó wá wo ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ta ni yóò wá wò ó? Ọmọ ilé ni mí. Bàbá ní, "Ó dá ẹ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní ó dáa. Ojú ẹsẹ̀ ló nawọ́ sókè tó gbàdúrà ìrìnàjò fún mi, Bàbá Oyèkàn ń ṣe àmín, èmi náà ń ṣe àmín.

Mo rò pé ó parí. Lọ́jọ́ kejì, mo dé lẹ́yìn Àsárì, ó ní kí n má ṣe ìyọnu. Rachida fẹ́ tan sídíì, ó ní kó fi í sílẹ̀. O kò tíì rí bó ṣe máa ń dá lọ sí mọ́ṣáláṣí látìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Á dúró létí títì, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbọ́ bí ọ̀kadà ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, á sì dá sọdá. Ẹni tó bá dì í lọ́wọ́ mú jẹ èébú. Lẹ́yìn ọjọ́ kọ́tìnì yẹn, kò lọ mọ́. Fàráńdà ló ti ń kírun. Ó ní tí òun kò bá lè mọ rẹ́kọ́ọ̀dù yàtọ̀, báwo lòun ṣe máa mọ bí ọ̀kadà ṣe jìnnà sí òun tó?

Mo rí gbogbo èyí, mo sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí o bá fẹ́ bú mi, ibí ni kí o ti bú mi, kì í ṣe lórí pé n kò wá.

Láàárọ̀ àná, mo gbé báàgì mi, mo wọlé lọ dágbére fún un. Ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó gbójú sókè, tó ní, "Ta nìyẹn?"

Sheriffdeen, láti ẹnu géètì ni ọkùnrin yìí ti máa ń dá ẹsẹ̀ mi mọ̀. Ó máa ń mọ̀ bí bàtà mi bá jẹ́ tuntun. Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi ni. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo purọ́."

Ó na ọwọ́, ó ń wá mi kiri. Mo rò pé yóò gbá mi létí ni, mo gbé ojú sún mọ́ ọn kó lè rí mi gbá. Etí mi ló mú. Ó fà á títí mo fi ké, èmi àgbàlagbà. Ó ní, "Mo mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Mo ní, "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá." Ó tún un sọ lábẹ́ èémí, "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó wá ní, "Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, wàá tún un sọ níwájú Oyèkàn. Gbé báàgì yẹn sílẹ̀." Kò dárúkọ Àbíjàn, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn ni fóònù mi ń dún nínú àpò.

Nígbà tó di ìrun Àílà, ó jáde. Mo dúró sẹ́nu géètì, n kò sún mọ́ ọn. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí ọ̀kadà méjì kọjá, ó sì sọdá lóun nìkan, ó ń yan. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo. Mo padà sínú yàrá, mo wo báàgì mi nílẹ̀, mo sunkún.

Bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ kó fi iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn. Kó má dè mí. Ní gbogbo ìrun ni mò ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún Bàbá, àtọkànwá ni, ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ohun tí mò ń tọrọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, ahọ́n mi á dákẹ́ lórí àdúrà yẹn. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ẹ̀gbẹ́ giramafóònù ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dìde. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí mo gbórí sókè láti ronú ọ̀rọ̀ tí màá kọ: mo gbọ́ gòjé yẹn. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí lóòótọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó má bínú sí oúnjẹ tó sè dè mí. Bá mi gbé àwọn ìbejì jó. Rachida kí yín, ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá náà kí ọ, ó ní o kò ní ìwà, pé o kì í pè. Abẹ́rẹ́ ti dé àárín àwo báyìí, ó ń há lójú kan, Bàbá sì ti na ọwọ́ síbi tí mo wà. Jẹ́ kí n dìde.

Èmi ni tìrẹ, tí kò lè kọjá ogún ìṣẹ́jú,

Misbaudeen.