Bí Ikán Ṣe Wó Ilé Lé Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti ìlú Bouaké nílẹ̀ òkèèrè níbí. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ kí Àǹtí Sinọ́tù àti gbogbo ìyàwó ilé. Ẹ kú ìrọ́jú ti Ẹ̀gbọ́n Ràímì. Ọmọ ló yẹ kó sin ìyá, ṣùgbọ́n a kì í bi Ọlọ́run léèrè.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn nítorí pé ọ̀rọ̀ tó délé kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n sọ fún yín pé àwọn onílẹ̀ lù ú pa. Ẹnikẹ́ni ò lù ú. Ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló wó lù ú, ikán ló sì jẹ ẹ́ tó fi wó. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́ síbẹ̀ yẹn, èmi náà purọ́.

Ọ̀nà Diabo ni ilé náà wà, létí igbó. Nana Kuamé ló fún un nílẹ̀, bàbá arúgbó kan, ọmọ Baoulé tí í ṣe onílẹ̀ ibẹ̀, tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Tí a bá ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta ohun èlò mobileti, alùpùpù kékeré, èmi á lọ sinmi, òun á lọ mọ búlọ́ọ̀kù. Ìgbà tó kó wọlé, òkété ń wú ẹ̀gẹ́ Sàlámọ́ ìyàwó rẹ̀, ọ̀bọ ń ká ìbẹ́pẹ wọn, ejò tilẹ̀ wọ ilé ìdáná lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á ní àwọn yẹn ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Ikán nìkan ló bà á lẹ́rù. Ó rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gun ògiri lọ síbi igi òrùlé. Ó da epo ọkọ̀ tó ti jóná sí i, wọ́n lọ, wọ́n tún padà. Ó ní ìyá wọn wà nínú ògán ńlá kan nínú igbó Nana, àfi ká hú u jáde.

Nígbà yẹn, ìlú ti yí padà. Owó sẹẹfa ti já wálẹ̀, ọjà ti dá. Ojoojúmọ́ ni rádíò ń béèrè ta ni ọmọ onílẹ̀ gidi. Àwọn oníbàárà tó ń fi Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ṣàwàdà pè wá tẹ́lẹ̀ wá ń pè é bí ẹni ń búni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n mú ọkọ́ àti dígà wọ igbó. Kuasí, ọmọ ọmọ Nana, àti ọ̀dọ́kùnrin méjì dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n ní ògán lòun fẹ́ wú. Wọ́n ní bí àjèjì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, yóò wú ògán lónìí, yóò gba igbó lọ́la. Nana ò sí nílé, àìsàn ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Béoumi. Ẹ̀gbọ́n padà, ó ní òun á tún lọ lọ́jọ́ kejì, pé ilẹ̀ kọ́ lòun ń bá wọn dù.

Èmi ni mo dá a dúró, Ìyá mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Nana dé ná. Mo ní orí èèyàn ju òrùlé lọ. Kò bá mi jà. Ó lọ kó ọkọ́ rẹ̀ pamọ́.

Òjò dé kí Nana tó dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀fúùfù dìde. Sàlámọ́ ní Ẹ̀gbọ́n ti òun síta pẹ̀lú ọmọ tóun pọ̀n sẹ́yìn, ó sì padà lọ gbé Àṣàkẹ́ ọmọ wọn àgbà tó ń sùn. Ojú fèrèsé ló ti na ọmọ náà sí Sàlámọ́. Bí ìyẹn ṣe gba ọmọ báyìí, igi àárín já, ó fa ògiri òkè lulẹ̀ lé Ẹ̀gbọ́n lórí. Nígbà tí mo dé, mo gbé ẹ̀là igi yẹn. Ó fúyẹ́ bí pòròpórò. Inú rẹ̀ ti ṣófo pátápátá, awọ ló kù.

A sin ín lọ́jọ́ kejì. Nana dé, wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ ní Dioula, èdè ọjà tí gbogbo wa gbọ́, pé ilé ọmọ òun ni, ilẹ̀ ọmọ òun ni. Lọ́jọ́ kẹta, Kuasí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ wú ògán náà. Wọ́n gbé ìyá ikán wá nínú abọ́, ó funfun, ó sanra bí ìka ọwọ́. Sàlámọ́ wò ó, ó kẹ̀yìn sí wọn. Kuasí bú sẹ́kún. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, mi ò rí i ṣe, torí ohun tó sọ nínú igbó, èmi náà ni mo fi ẹnu tèmi parí rẹ̀ nílé.

Ẹ ní kí n kó àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n àti ìyá wọn bọ̀ wálé. Mo bá Sàlámọ́ sọ ọ́. Ó ní ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n lòun lọ́dún tí wọ́n lé àwọn òbí òun kúrò ní Gánà, pé òun ò tún ní di ẹrù nítorí pé wọ́n ní kóun lọ, pàápàá níbi tí ọkọ òun sùn sí. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Mo ti ń kan òrùlé náà padà, Kuasí ń bá mi gbé igi.

Ìyá mi, bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ ní kí ẹni tó ń ka ìwé yìí fún yín kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, mo gbà. Ẹ ṣáà ránṣẹ́ kí àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń béèrè yín.

Ọlọ́run á rọ̀ yín lọ́kàn, á dá yín sí fún wa. Kò ní fi irú èyí hàn yín mọ́. Gbogbo ará ilé, gbogbo àdúgbò, mo kí yín o.

Èmi ni ọmọ yín tó kù,
Mùráínà.