Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Dísìkì Méjì?

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo dùbúlẹ̀ sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Ṣé ara yín le bí òkúta? Ṣé iṣẹ́ kò fún yín lọ́rùn jù? Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ nílé wà ní àlàáfíà, àfi Ẹnjiníà, tí ara rẹ̀ le koko ṣùgbọ́n tí mi ò lè ṣe onídùúró fún ọpọlọ rẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò ní pè é ní "wọn" nínú ìwé yìí. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn Màmá Àgbà. Láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, gbogbo ohun tí a bá sọ ni wọ́n ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kò gbé èsì jáde. Nọ́ọ̀sì tó ń wá kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ ní kò sí oògùn tó dà bí ohùn Màmá Àgbà fúnra wọn: ká jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ara wọn láràárọ̀, kí wọ́n sì máa fi ẹnu tẹ̀lé e. Bí àwọn fídíò tí ẹ kó sínú kọ̀ǹpútà pálọ̀ ṣe di oúnjẹ àárọ̀ wọn nìyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí fídíò kan nínú wọn tí Màmá Àgbà kò ti bú ènìyàn. A ó jókòó yí wọn ká, a ó máa gbọ́ èébú bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Ètè wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nọ́ọ̀sì ní ká má dá a dúró rárá, pé ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, bí a bá dẹwọ́, ó lè padà.

Àsìkò yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Mi ò parọ́. Kọ́, kọ́, kọ́, láti inú ikùn rẹ̀ wá, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Iná pupa kan tàn níwájú rẹ̀. Màmá Àgbà inú fídíò á la ẹnu láti bú ènìyàn, ẹnu náà á sì wà ní lílà títí ebi á fi pa wá. Ẹ rántí bí ẹ ṣe ṣàlàyé dísìkì mẹ́rin inú ẹ̀rọ náà fún wa, pé wọ́n dà bí ọkùnrin mẹ́rin tó jọ ru igi ńlá kan: bí ọ̀kan bá ṣubú, mẹ́ta á ṣì gbé e, bí méjì bá ṣubú, igi wó nìyẹn, àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ló ṣubú. Ìyẹn kò tíì burú. Èyí tó burú ni pé Bàbá ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà.

Inú kan náà ni òun àti Bàbá ti jáde, ọjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n mo lè búra pé ẹnì kan ṣoṣo ló rántí gbé ọpọlọ dání. Ike ẹ̀yìn fóònù ló ń tà, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ wá wo àpò irinṣẹ́ tó gbé wọlé, ẹ ó rò pé ọkọ̀ òfuurufú ló fẹ́ tú. Ó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí lọ́sàn-án gangan. Ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí ẹ̀rọ, ó gbá a létí gbì, ó ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́. Kòkòrò wo? Ìrọ̀rí tó máa ń gbé tì í nígbà tó bá ń sun oorun ọ̀sán ní pálọ̀ wa ló dí ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí. Ó ti fi ooru sè é jinná tán, ó wá ń wá kòkòrò.

Òun náà ló to àwọn dísìkì yẹn sínú ẹ̀rọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹnjiníà sọ wọ́n lórúkọ. Ó gé bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. A ò mọ̀ pé ẹkún ni ẹ̀rín náà máa bí. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà pé dísìkì kìíní ti kú, ká yọ ọ́, ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bàbá ní kó yọ Táíwò, ẹni tó kọ́kọ́ jáde. Ẹnjiníà wo Bàbá láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo bàtà tó ti ya.

"Ẹ̀gbọ́n ni ẹni kìíní," ló wí. "Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táíwò níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò."

Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta á. Bàbá ló kọ́kọ́ jáde, Ẹnjiníà ló tẹ̀lé wọn, láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì ti ń du oyè ẹ̀gbọ́n bí ajá méjì tó rí eegun kan. Bàbá ní àwọn kò rántí ẹnikẹ́ni tó rán àwọn níṣẹ́. Ẹnjiníà ní oníṣẹ́ kì í rántí ẹni tó rán an bó bá ti jẹun yó. Kí Bàbá tó na ọwọ́ dá a dúró, ó ti fa Kẹ́hìndé yọ.

Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Táíwò ti kú tẹ́lẹ̀, wọ́n tún fa Kẹ́hìndé tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan kúrò lábẹ́ igi. Nígbà tí ẹ̀rọ tún lajú, kò sí fídíò kankan mọ́. Ó kàn ń béèrè pé ṣé kí òun nu gbogbo dísìkì mọ́, kí òun bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹnjiníà ní ẹ ò rí i, ẹ̀rọ ti ń wo ara rẹ̀ sàn. Ó na ìka láti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni."

Mo fò láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ká ní àwọn eléré ìdárayá wà nítòsí, wọn ì bá ti gbé mi lọ sí ìlú òyìnbó. Mo já pátákó ìtẹ̀wé gbà lábẹ́ ìka rẹ̀, mo sá lọ sẹ́yìn àga Màmá Àgbà. Màmá Àgbà na ọwọ́ wọn tó dára, wọ́n gba pátákó náà, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n sì dì í mú. Kò sẹ́ni tó tó láti já a gbà níbẹ̀.

Mo ní ká pè yín. Ẹnjiníà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

"Ọmọ tí mo pọ̀n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn, ni yóò wá máa kọ́ mi níṣẹ́?"

Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ìtọ̀ náà ṣe láǹfààní, ká ní ó dé orí rẹ̀ ni, a ò ní wà níbi tí a wà yìí. Bàbá fojú bá mi wí gidi, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń gbé ẹ̀rín mì.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí ẹ sọ fún mi nígbà tí ẹ fẹ́ lọ, pé ẹ̀rọ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ dísìkì lára láti ilé iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Bàbá pa ẹ̀rọ. Wọ́n dá Kẹ́hìndé padà sí àyè rẹ̀ gan-an, wọ́n rọra tì í bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun. Nígbà tí a tàn án, iná mẹ́ta jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan jẹ́ pupa. Igi ti padà sórí ọkùnrin mẹ́ta. Nọ́ńbà òkú wà lójú kọ̀ǹpútà. Mo ń pè é, Bàbá ń fi í wé ti ara dísìkì. Tọ́ọ̀ṣì orí Ẹnjiníà ni wọ́n fi ríran, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orí náà wúlò. Táíwò ni. A ra dísìkì tuntun, a tì í bọ ibẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àlejò ní gbogbo ohun tí olóògbé mọ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú tó tún mọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ janlẹ̀. Èmi ní kí Ẹnjiníà má mí.

Nígbà tí gbogbo iná dọ́gba, a ṣí fídíò. Ti ọjọ́ tí Ẹnjiníà tún fáànù Màmá Àgbà ṣe ló jáde, tí fáànù náà ń yọ èéfín dípò atẹ́gùn. Màmá Àgbà inú fídíò ń bú u láìsinmi. Màmá Àgbà orí àga wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n yíjú wo Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ètè wọn mì. "O," ni wọ́n wí. Gbogbo wa sún mọ́ wọn. "O..."

"Olódo."

Ó já gaara, Ẹ̀gbọ́n mi, bí ìgbà tí wọn kò ṣàìsàn rí. Bàbá kọjú sí ògiri, èjìká wọn ń mì. Eruku kó sí èmi náà lójú. Ẹnjiníà nìkan ló gbé ọwọ́ méjèèjì sókè tó ń rẹ́rìn-ín bí ọba.

"Ẹ gbọ́ o," ló ń wí. "Nínú gbogbo yín, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè."

Mo wá èébú tí n ó fi dá a lóhùn, mi ò rí. Màmá Àgbà ti lo èyí tó dára jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ibòmíràn tí a ó tún kó àwọn fídíò náà sí, ibi tí ọwọ́ ẹnì kan kò ní tó. Olúwa á máa ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Ẹ kò ní fi ọwọ́ yín yọ ohun tó ń gbé yín ró. Ẹ kò ní rí Ẹnjiníà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọṣẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í parọ́, àfi kó fi iyọ̀ díẹ̀ sí òtítọ́,
Ẹnu-bí-abẹ

Mo tún rántí: Lánàá, Bàbá àti Ẹnjiníà lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá Àgbà tó bí àwọn méjèèjì pé kí wọ́n bá àwọn parí ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: nínú àwọn méjèèjì, ta ni ẹ̀gbọ́n? Màmá Àgbà wo ọ̀kan, wọ́n wo èkejì, wọ́n rò ó títí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n sì pín in dọ́gba fún àwọn méjèèjì.