Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fọwọ́ Sí Nítorí Naimat

Àtàn-Ọ̀tà,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Àpọ́nlé ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùmù. Ṣé dáadáa lo wà ní Joju? Ṣé iṣẹ́ alẹ́ ilé-iṣẹ́ oníke yẹn ò pa ọ́ lára? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ tí o ń dúró tì gé ọ lọ́wọ́, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀gá yín rí ọ níjọ́ tí o bá tòògbé. Àwa náà wà, àfi eékún mi tó ń dùn mí tí òjò bá ṣú, àti adìyẹ rẹ pupa tó lọ yé ẹyin mọ́kànlá sínú agbọ̀n ìyá rẹ, tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má lé e, torí ìyá rẹ náà ò ní lé e bó bá wà láyé.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù ò dára fún ọ̀rọ̀ gígùn. Tí mo bá ti kí ọ tán ni obìnrin kan máa já lù wá tí á máa sọ Òyìnbó, kò sì sígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká sọ̀rọ̀ wa tán tó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Naimat ọmọ rẹ ni mo bá wá. Nígbà tí o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, ojú mi ò ká lẹ́tà orí fóònù, wọ́n kéré bí ẹyin èèrà, Fàlílù tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì ló bá mi kà á. Ó ní o ní bí Naimat ò bá mọ̀wé kà títí táàmù á fi parí, wàá wá mú un lọ sí Joju. Ọmọ mi, mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ọmọ yẹn nìkan ló ń kí mi ẹ káàárọ̀ nínú ilé yìí.

Ibi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run lórí ẹ̀ ni wọ́n gbé tíṣà tuntun wá, Àǹtí Fọláwẹwọ́, ọmọdé ni lójú mi. Ọjọ́ kẹta tó dé, ó ní kí Naimat tó wà ní pírámárì fọ́ọ̀ máa lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ pírámárì túù tí àkókò ìwé kíkà bá tó. Kò tíì tán o. Ìwé Yorùbá ló fún un! Ọmọ Àwórì! Ta ló ń kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́? Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọmọ á máa pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀, ì-gbá-lẹ̀, pà, pà, pà, bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko.

Lẹ́yìn náà ni tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìdérí ìgò ọgbọ̀n wá. Ibẹ̀ ni mo ti jágbọ́n rẹ̀. Ṣé o rántí pé àwọn oní-míníránì máa ń kọ ẹ̀bùn sínú ìdérí, tí wọ́n á ní ẹni tó bá rí ọ̀kadà níbẹ̀ ló ni ín? Ogójì ọmọ, ìdérí ọgbọ̀n ọgbọ̀n, kí ló kù tí tíṣà ò fi ní gun ọ̀kadà lọ sílé? Mo ṣa ìdérí káàkiri ìsọ̀, mo fi ọ̀bẹ ha inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí mi ò rí nǹkan kan ni mo tó kó o fún Naimat. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo wọ dàńṣíkí mi, mo gba ilé ìwé lọ láti lọ gba ọ̀kadà àwọn ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Àpọ́nlé, ojú tì mí. Mo bá Naimat nílẹ̀ tó ń kó ìdérí jọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọ́n ní kó yọ mẹ́tàdínlógún kúrò nínú mẹ́rìnlélógún. Ó yọ òkìtì mẹ́wàá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo mẹ́rin tó dá wà, kò tó, ló bá tú òkìtì kejì mọ́ ọn, ó yọ méje, ó ní ó ku méje. Bí èmi náà ṣe ń tú àpò gààrí nìyẹn tí oníbàárà bá ní kóńgò díẹ̀ ni òun fẹ́.

Mo wá bèèrè lọ́wọ́ tíṣà ìdí tó fi kó ọmọ mi sáàárín àwọn kéékèèké. Ó ní Bàbá, ibi tí ìwé kíkà ọmọ bá dé ni òun ti ń bá a bẹ̀rẹ̀, òun kì í wo ọjọ́ orí, kó kọ́kọ́ kà á ní èdè tó gbọ́, ti Òyìnbó á tẹ̀ lé e. Ilé kéwú ni mo rántí. Mo ti nírùngbọ̀n nígbà tí Áfáà mú mi jókòó ti ọmọ ọdún méje, torí ibi tí wàláà mi dé nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ní wọ́n rẹ̀ mí sílẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ló fún mi ní fọ́ọ̀mù, pé kí n máa fọwọ́ sí i lójoojúmọ́ pé mo gbọ́ ìwé tí Naimat kà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fàlílù ní kí n má dán an wò, pé onídùúró ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe, bí ọmọ bá fèèlì wọ́n á wá gbé mi. Mo rò ó títí. Mo ní tó bá jẹ́ nítorí Naimat ni, kí wọ́n wá gbé mi. Mo fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, tí a bá ti kí Àsárì tán, a ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Naimat á tẹ fóònù pé kó pè wá tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé. Ó sì ń pè lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e tí mo ní hẹ̀lóò, ẹni náà kì í dáhùn. Mo máa ń kí i pé ó ṣeun, ká tó dìde.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Naimat ka ìwé rẹ̀ tán, ìṣẹ́jú ò tíì pé, ló bá wá àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ kàn, ó kà á. Àṣé Fàlílù ò ka gbogbo rẹ̀ fún mi. Tíṣà ti kọ́ Naimat pé kò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ kankan, kò sì fò ó. Ó kà á pé Bàbá ti darúgbó, wọn ò lè mójú tó ọmọ mọ́. Ó pàtẹ́wọ́ sí darúgbó, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ní kó tún un kà, torí inú mi ń dùn pé kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ìwọ lo ní bí kò bá mọ̀wé kà. Ohun tí o fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ mi gan-an ló kà fún mi. Jẹ́ kó dúró tì mí. Tí o bá lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, ta ló máa gbọ́ ìwé rẹ̀ ní Joju?

Fi owó díẹ̀ rán Basit onímọ́tò sí mi, kí n fi ra dígí ojú, kí n lè máa fìka tẹ̀ lé ibi tó ń kà. Fi ti míníránì kan kún un, ìdérí kan ti sọnù lára ti Naimat. Ẹni tó bá ń wá ìbànújẹ́ rẹ kò ní rí i rà. Ìwọ náà á darúgbó, wàá sì rí ẹni tí á máa kàwé sí ọ létí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ráúfù Ọ̀ṣìnúbí.

Mo fi ìsàlẹ̀ ìwé sílẹ̀ fún Naimat. Ó ní kí n má wò ó.

Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú mi lọ. Bàbá ò tíì darúgbó. Wọ́n kàn máa ń sùn tí mo bá dé ojú ìwé kejì ni. Mo máa ń kà á tán fún wọn náà, kí fóònù tó jí wọn.