Obì Tí Mo Mú Bọ̀ Láti Ìpàdé Ìdìbò

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Òkèrèwè ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Mo kí àwọn àbúrò bàbá mi tí wọ́n wà nídìí òfì, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí àbúrò mi Múníráátù tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kí ó kà á ketekete, kí ó má fo ibi tí mo ti bú ènìyàn. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn pẹ̀lú, nítorí àwọn tí mo ń bú fẹ́ràn kí wọ́n máa rí ara wọn nínú ìwé ìròyìn.

Ara mi ti ń le. Ọyẹ́ ọdún yìí kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ètè mi ti là, eruku sì ń bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí n tó rán apá kan bùbá tán. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan, ẹ má bínú, aláìsàn kì í rán aṣọ. Nígbà tí ara mi ń gbóná, ẹ̀yin ni mo ń pè. Ẹni tó dá mi lóhùn ni Ìyá Onílé, arúgbó tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń fi ọwọ́ kan iwájú orí mi, tó ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àjàkálẹ̀ ikọ́ àti ibà tí wọ́n ní ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, mo gbọ́ pé ó ti dé Ìsẹ́yìn náà, n kò ní ṣe àlàyé rẹ̀ fún yín. Ó bá wa nígbà tí ìdìbò káńsù ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wolé-wolé wá kéde pé wọn kò ní sún ìdìbò síwájú, ṣùgbọ́n kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣètò bí àwọn ènìyàn yóò ṣe dìbò láìkó àrùn ran ara wọn. Àdúgbò tí kò bá ní ètò, wọn yóò ti ibùdó ìdìbò rẹ̀ pa.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìyá Onílé ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì dìbò rí. Ọdún yìí ni orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé. Ó fi káàdì rẹ̀ sínú agolo, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń mú un jáde kí n kà á sí òun létí: orúkọ rẹ̀, orúkọ agboolé, nọ́ńbà. Ó ti mọ inú àpótí tí yóò ju ìwé rẹ̀ sí, èyí tí wọ́n ya àtùpà sí lára. Ẹni tó ń ṣojú wa ní káńsù báyìí, tí àpótí tirẹ̀ ní àwòrán kẹ̀kẹ́, ti ṣèlérí ẹ̀rọ omi fún àdúgbò. Ó mú ẹ̀rọ omi náà wá lóòótọ́, ó rì í mọ́ ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Bàbá Alága ni a ń pè é. Òun kan náà ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ètò ìdìbò. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nítorí pé mo ka ìwé mẹ́rin, mo sì kéré tó ẹni tí wọ́n lè rán níṣẹ́.

Wọn kò pe obìnrin sí ìpàdé, nítorí náà Ìyá Onílé ní kí n bá òun gbé ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n fi gbọ̀ngàn kóòtù sílẹ̀, kí wọ́n lo pápá ilé ìwé. Kí wọ́n kọ ebè síbẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbin iṣu, kí olúkúlùkù dúró ti ebè tirẹ̀, kí wọ́n sì pe agboolé kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ki ìka bọ ìgò yíǹkì tí ẹlòmíràn ti ki tirẹ̀ bọ̀. Kí kálukú mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ti ilé wá, tí wọn yóò fi kán an sí i níka. Kí ẹni tó bá ń wúkọ́ jókòó sílé, ìbáà jẹ́ baálé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló tẹnu mọ́ jù. Nígbà àrùn lùkúlùkú ayé àtijọ́, àlejò kan tó ń wúkọ́ ló wọlé wọn, ojú ń ti ọkọ Ìyá Onílé láti ní kí àlejò máa lọ. Àkọ́bí Ìyá Onílé tí àrùn náà pa ni wọ́n fi san gbèsè ìtìjú náà.

Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn ènìyàn ńlá. Nítorí kí àrùn má baà ràn níbi àpéjọ, wọ́n pe àpéjọ. Ọkùnrin mọ́kànlá nínú yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bàbá Alága, wọ́n ti fèrèsé pa kí àwọn alátùpà má baà gbọ́ ohun tí a ń sọ. Bàbá Alága gbé obì lọ́wọ́ láti wúre. Ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún onílé pé ara rẹ̀ kò yá? Ó wúre, ó wúkọ́ sí obì, ó tún wúre. Àmín wa kò dáwọ́ dúró, a sì ṣe é fún ikọ́ náà pọ̀ mọ́ ìre. Èmi tí mo kéré jù ni mo pa obì, mo pín in kárí. Ife kan ṣoṣo ni wọ́n fi mu omi tẹ̀ lé e, nítorí àgbà tó bá bèèrè ife lọ́tọ̀ ti pe ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ẹlẹ́gbin nìyẹn.

Nígbà tó kàn mí, mo jíṣẹ́ Ìyá Onílé. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ìdìbò ni arúgbó náà fẹ́ ká ṣe tàbí oko iṣu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi ń di àyà mú. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Múníráátù, má fo ibẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo dábàá pé mo lè rán aṣọ ìbomú fún àwọn olùdìbò, Bàbá Alága ní bí wọ́n bá bo ojú, báwo ni a ó ṣe rí ilà tí a ó fi mọ àjèjì? Àbàjà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n ṣe ìpinnu: kí gbogbo ènìyàn máa ṣọ́ra. Ìwé tó ní ìlà kan ṣoṣo tì mí lójú, ni mo bá kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Onílé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, láìyọ ẹyọ kan kúrò.

Awẹ́ obì kan ṣẹ́kù. Bí ẹ ṣe kọ́ mi, ọmọ kì í ti àárín àgbà bọ̀ kó wá bá àgbà ilé lọ́wọ́ òfo. Mo fi í sápò, mo mú un wá fún Ìyá Onílé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní ìyá tó bí mi kọ́ mi. Ó bi mí ohun tí wọ́n sọ sí ọ̀rọ̀ òun. Mo ní wọ́n gbọ́ ọ dáadáa.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ ètò ìdìbò fi dùbúlẹ̀ tán. Wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí ilé ìwòsàn, kò padà wá. Èmi náà ṣubú lulẹ̀, Ìyá Onílé sì tọ́jú mi títí òun náà fi dùbúlẹ̀. Orí ẹní ni mo wà tí wolé-wolé fi wá bèèrè ètò àdúgbò wa. Mo na ìwé ìpàdé sí i. Ó kà á lórí ìdúró, ó ní láti àárọ̀ òun kò tíì rí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n bíi ti ìsàlẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti ń kọ ebè sí pápá. Gbogbo ìlú ní Bàbá Alága gbọ́n. Kò já wọn nírọ́.

Ní ọjọ́ ìdìbò, ibà ti fi Ìyá Onílé sílẹ̀, ó lè rìn, ṣùgbọ́n ikọ́ kò tíì lọ. Mo ra orógbó fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ ẹ́ kí ikọ́ lè dáwọ́ dúró títí yóò fi ju ìwé rẹ̀ sápótí, pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó bi mí ta ló ní kí ẹni tó ń wúkọ́ jókòó sílé. Ó ní ṣé mo jíṣẹ́ òun àbí n kò jẹ́ ẹ? Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó ti ṣà sílẹ̀ jáde, ó fún mi, ó ní kí n máa lọ.

Mo bá Bàbá Alága ní pápá, ó dúró ti ebè tirẹ̀, orógbó ki bàǹbà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, wọ́n ní ìwà àgbà ni. Òun náà dìbò. Kẹ̀kẹ́ ló wọlé. Lọ́jọ́ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ará àdúgbò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ náà nítorí ọgbọ́n ebè.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ ìdìbò náà, Ìyá Onílé ní kí n mú ìka mi wá. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra yíǹkì náà wò bóyá yóò parẹ́. Kò parẹ́. Ó dá káàdì rẹ̀ padà sínú agolo, ó bi mí ọdún mélòó ló kù kí wọ́n tó tún dìbò. Mo ní ọdún mẹ́ta. Ó fi ìka kà á, ó ní kò burú, kí n má gbàgbé láti máa ka káàdì náà sí òun létí.

Ìyá mi, mo lè kẹ́gàn àwọn ọkùnrin mẹ́wàá yẹn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n kì í ṣe wọn ló gbé obì wọ yàrá rẹ̀. Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ọ̀nà ọ̀fun tó mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ọmọdé àti àgbà, ẹ kí àwọn ará mọ́sálásí wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ìpàdé bọ̀ tó fún yín lóbì, ẹ bi í ta ló wúre sí i kí ẹ tó fi kan ẹnu, ìbáà jẹ́ èmi.

Èmi ni ọmọ yín tó pa obì náà,
Ràímì.