Òwú Pupa Tí N Kò Bèèrè Nípa Rẹ̀

Mùílì àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ìyá wa ti ń san díẹ̀díẹ̀.

Aṣọ òkè tí a hun fún ìyàwó kan ti dójú tì mí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òjò ta sí i, àwọ̀ òwú pupa tuntun tí mo rà bá ràn mọ́ funfun. Ìyá Ìbùkúnọlá tó ń bá wa ká òwú ti rí i tipẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ń ràn mọ́ òun lọ́wọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Bàbá Táíwò, ìgbà wo lẹ bi wá léèrè ohunkóhun rí?"

Ogún ọdún ni mo fi ṣe olórí àwọn tó ń hunṣọ lọ́dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ wá mọ́, àwọn ahunṣọ sì ti lọ.

Mo gbọ́ pé wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ ní Kánò. Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Jọ̀wọ́, máa bi àwọn tó wà lábẹ́ rẹ léèrè. Èmi náà ti fẹ́ máa bèèrè báyìí, kò wá sẹ́ni tó kù tí yóò dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyápọ̀, Ìsẹ́yìn.